Àjàní Inú Ìwé, Àjàní Inú Sinimá

Ọdún 1974 ni ìtàn-àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, jáde. Ní 1997, Túndé Kèlání sọ ọ́ di sinimá. Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ fún eré náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé Ṣàngó ní Ìlọrin lè ti wo sinimá yìí nílé kí ó tó fojú kan ìwé. Bí ìdánwò bá wá béèrè ìwà Àjàní inú ìwé, Yẹmí Ṣódìmú tí ó ṣe Àjàní nínú sinimá ni yóò máa ṣàpèjúwe. Èyí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ; a kò tíì kọ́ ọ bí a ti ń fi ẹ̀dá-ìtàn wéra ni.

Ìtàn kan náà ni méjèèjì ń sọ: Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ń wá aya, ìyá rẹ̀ ń rọ̀ ọ́ pé kí ó tètè gbéyàwó, Àṣàkẹ́, Lọ́lá àti Ṣadé sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà ìfìwàwẹ̀dá ni ó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni irinṣẹ́ ìwé. Ó lè jẹ́ kí òǹkàwé mọ èrò tí Àjàní kò sọ síta, kí àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ohun tí ojú rí tí etí sì gbọ́ ni irinṣẹ́ sinimá. Bí Àjàní bá ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ojú obìnrin tí ó gbà á gbọ́ ni òǹwòran ń wò. Àánú lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣí lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ìmúra pàápàá di ara ìwà: lẹ́yìn sinimá yìí ni ìró àti bùbá péńpé tún gbòde, tí a ń pè é ní Olékú.

Nítorí náà, ìdáhùn tí ó ní ‘Àjàní kò ní ìpinnu nínú méjèèjì’ kò tíì fi nǹkan kan wéra. Kí olùkọ́ fi ìbéèrè mẹ́ta kọ́ wọn: Kí ni ẹ̀dá-ìtàn ṣe? Báwo ni a ṣe mọ̀ ọ́n? Ìdájọ́ wo ni ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ọ́n mú wa ṣe? Ìbéèrè kẹta ni ọmọ ìdánwò sábà máa ń fò, òun gan-an sì ni iṣẹ́ lámèyítọ́.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn lè mú Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969) ti Adébáyọ̀ Fálétí, kí ó fi í wé Ìjà Òmìnira (1979), sinimá tí Adé Afọláyan, ọmọ Ìpínlẹ̀ Kwárà, kópa nínú rẹ̀. Kí wọ́n ka ìwé ná, kí wọ́n tó wo sinimá.