Láti Ọ́fíìsì sí Gbọ̀ngàn Ìpàtẹ: Independence House àti Lagos Biennial Ọdún 2019

Ní ọdún 2019, Lagos Biennial kó iṣẹ́ ọnà òde òní wọ Independence House, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà 25 tó wà létí Tafawa Balewa Square ní Èkó. Orúkọ ilé náà fi ìdí tí a fi kọ́ ọ hàn: ìrántí òmìnira ọdún 1960. Lẹ́yìn náà ni ó di Defence House, ilé iṣẹ́ àwọn ológun. Iná jó o ní ọdún 1993, ọ̀pọ̀ yàrá rẹ̀ sì di ahoro.

Àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ irú ìpàtẹ báyìí fẹ́ràn láti máa yin ògiri tó ti ṣá àti kọnkéré tó hàn síta. N kò bá wọn yìn ín. Ahoro a máa wu ẹni tí kò níí sùn nínú rẹ̀. Bí a bá sì ti ka ìdíbàjẹ́ ilé ìjọba sí ẹwà, a ti dá ẹni tó pa á tì láre.

Ohun tó yẹ ní yíyẹ̀wò ni bí a ṣe pín ilé náà. Ọ́fíìsì kì í ṣe àyè tó ṣófo. Ipò ni a tẹ̀ lé láti kọ́ ọ. Ẹ̀ṣọ́ yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé ta lo wá rí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tóóró, àga tí àlejò ti ń dúró, yàrá akọ̀wé, kí ó tó kan ọ̀gá. Ilé tó ń kọ́ ará ìlú ní ìdúró ni. Gbọ̀ngàn ìpàtẹ ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí ènìyàn rìn, kí ó yí padà, kí ó wo nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ọ̀dà funfun kọ́ ni ó ń sọ ọ́fíìsì di gbọ̀ngàn; ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún bí oṣù kan, ẹni tí kò ní fáìlì kankan níbẹ̀ rí ọ̀nà wọlé. Lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí a gbé kọ́ ògiri lọ.

Síbẹ̀, ayálégbé ni ọnà jẹ́ nínú ilé náà. Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin ni a tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ẹ (ọ̀kan nínú wọn ti dá dúró sí mùsíọ́mù ní Chicago báyìí). Kì í sì í ṣe pé ọ́fíìsì kò lè gba ọnà mọ́ra pátápátá: ní São Paulo, ilé tí Oscar Niemeyer ya àwòrán rẹ̀, tó ti jẹ́ ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀, ni Yunifásítì ìlú náà ṣí ní ọdún 2012 gẹ́gẹ́ bí mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà òde òní. Ti Èkó kó ẹrù nígbà tí àsìkò pé. Ní ọdún 2024, Tafawa Balewa Square gan-an ni Biennial ti wáyé, níbi tí olùwòran ti lè gbójú sókè rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà.