Ikùn Ọkọ̀: Àríwísí lórí Ère Ọkọ̀ Onígi

Inú àpótí ni ère ọkọ̀ ojú omi onígi ti ń bẹ̀rẹ̀: pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, okùn wínníwínní, aṣọ ìgbòkun, àti ìwé tí ń tọ́ ẹni tí ó rà á sọ́nà. Àwọn tí kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà a máa fi ọ̀pọ̀ oṣù tò ó fún ìgbádùn ara wọn. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni. A ó rẹ pákó sínú omi kí ó rọ̀, a ó fi ooru tẹ̀ ẹ́, a ó sì fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi tín-ín-rín níwájú ọkọ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, pákó kan yóò gun èkejì.

Àwọn àgbà iṣẹ́ náà a máa kìlọ̀ fún ọ̀gbẹ̀rì pé kí ó má ṣe fi Victory bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ogun Nelson tí wọ́n sọ sí omi ní 1765. Ọkọ̀ kékeré olópòó méjì ni kí ó mú. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ olópòó méjì tí ó yára bí àṣá, irú èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ẹrú yàn láàyò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀kan nínú wọn ni Dos Amigos, tí ilé-iṣẹ́ OcCre ti Sípéènì ti ṣe àpótí rẹ̀ fún títà. Black Joke, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú Dos Amigos ní odò Kamẹrúùnù ní oṣù kọkànlá 1830. Black Joke fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ẹrú ni tẹ́lẹ̀: Henriqueta ni ó ń jẹ́ nígbà tí ó ń kó ènìyàn láti Èkó lọ sí Bàhíà. Ènìyàn 569 ni wọ́n bá nínú rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1827.

Kì í ṣe títo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àbùkù. Ọ̀nà tí a gbà ń tò ó ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àpótí wọ̀nyí, láìka ẹni tí ó ṣe wọ́n sí, igi ẹ̀yìn kan ni a kọ́kọ́ ń gbé kalẹ̀, a ó wá fi abala plywood dábùú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a tó lẹ pákó mọ́ wọn lára. Ọgbọ́n yìí kò burú, nítorí kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ wọ́. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá parí, ọkọ̀ náà kò ní inú. Níbi tí ènìyàn ti sùn lórí ara wọn, plywood àti gọ́ọ̀mù ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní fara mọ́ okùn kan tí a so lódì, tí yóò jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kì í béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ìdérí náà.

Ère ọkọ̀ Brookes kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 1790 ni wọ́n ṣe é, Wilberforce sì fi han àwọn aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà ní ilé tí a sọ lórúkọ rẹ̀ ní Hull. Ẹni tí ó ń wá okùn àti ìgbòkun kò ní yìn ín. Àwòrán ènìyàn tí a tẹ̀ sórí ìwé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ igi rẹ̀, wọ́n sùn ní ìtò, wọ́n há mọ́ra. Síbẹ̀, ère ọkọ̀ ni, ó sì péye ju ọ̀pọ̀ èyí tí ó lẹ́wà lọ.

Àṣà fífi apá kan ọkọ̀ sílẹ̀ láìkàn án ní pákó, kí egungun ìhà rẹ̀ lè hàn, ti wà láàárín àwọn agbẹ́-ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe Dos Amigos báyìí yóò da abala plywood inú àpótí nù, yóò gé egungun ọkọ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ìwé ìtọ́sọ́nà kò yà. Iṣẹ́ náà yóò pẹ́ sí i. Bí ère náà bá jẹ́ ìdá kan nínú àádọ́ta, ènìyàn tí ó ga ní mítà 1.7 yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.4 níbẹ̀, ó sì rọrùn láti fi ọ̀bẹ kan náà tí a fi fá pákó gbẹ́ ẹ.