Ilé Èrò Ọ̀nà Àgbádárìgì

Orúkọ mẹ́ta ni a ní lédè Yorùbá fún ilé tí ènìyàn ń sanwó sùn sí. Èkínní ni òtẹ́ẹ̀lì, tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Èkejì ni ilé ìtura, tí àwọn oníròyìn àti àwọn olóòtú orí rédíò fẹ́ràn láti máa lò. Ẹ̀kẹta ni ilé èrò, tí ó jẹ́ pé inú Bíbélì ni púpọ̀ nínú wa ti ń bá a pàdé lóde òní. Bí ènìyàn bá gba òpópónà márosẹ̀ láti Mile 2 títí dé ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀, yóò rí pátákó òtẹ́ẹ̀lì lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n kí ó tó rí èyí tí wọ́n kọ ilé èrò sí, yóò pẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé orúkọ kẹta yìí, tí a ti pa tì, ni ó bá púpọ̀ nínú àwọn ilé náà mu jù lọ. Nígbà tí a sì pa orúkọ náà tì ni a pa òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a máa fi wọ̀n wọ́n tì pẹ̀lú.

Ta ni èrò? Ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà ni. Èrò ọkọ̀ wà, èrò ọ̀nà wà, èrò ọjà sì wà. Èrò kò wá fàájì wá. Iṣẹ́ ni ó ń bá lọ kí ilẹ̀ tó ṣú u. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Màríà ti wá ibi tí yóò sùn tì ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ilé èrò ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ará Samáríà gbé ẹni tí ọlọ́ṣà ṣá lọ́gbẹ́ lọ, ilé èrò náà ni. Crowther mọ bí ó ti ń rí lára èrò. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1845 ni òun, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n fẹ́ tètè máa lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí wọ́n gbójú lé ti kú, ogun sì dí ọ̀nà; ó tó nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kí wọ́n tó lè kúrò níbẹ̀. Ní 1842, ṣáájú ìgbà náà, Thomas Birch Freeman àti Townsend ti ṣe Kérésìmesì ní ìlú yìí kan náà, èyí tí a ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Ìlú tí a ti kọ́kọ́ ṣe àjọ̀dún ọmọ tí kò rí àyè nínú ilé èrò, ìlú èrò ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí òtẹ́ẹ̀lì tó dé, ọ̀dọ̀ onílé ni èrò ọjà máa ń wọ̀ sí. Ìwé tí Abner Cohen tẹ̀ jáde ní 1969 nípa àwọn Haúsá Sábó ní Ìbàdàn ṣàlàyé bí ètò náà ti ń rí. Sábó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, ní àwọn onílé tí ń gba oníṣòwò màlúù àti olóbì sílé. Àlejò kì í san owó ibùsùn. Onílé ni yóò bá a tọ́jú ẹrù, onílé ni yóò bá a wá oníbàárà, òun náà ni yóò dúró fún un bí oníbàárà bá ra ọjà láwìn. Orí ọjà tí àlejò bá tà ni onílé ti ń rí owó alágbàtà tirẹ̀ gbà.

Ètò yìí dára, ó sì ní ìdè nínú. Àlejò ní ẹlẹ́rìí, ó ní alágbàwí, ó ní ẹni tí yóò mọ̀ bí kò bá jí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé ni ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé ìbátan ni ó wọ̀ sí, ọ̀ràn náà tún gba ibòmíràn yọ. Kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Yóò ra búrẹ́dì, yóò fún àwọn ọmọ lówó, yóò jókòó gbọ́ ẹjọ́ ìdílé títí di òru, bẹ́ẹ̀ ìdájí ni ó fẹ́ jí lọ sọ́jà. Ilé èrò olówó pọ́ọ́kú ni ó yọ ènìyàn nínú gbogbo èyí. Ẹni tí ó bá ti san owó yàrá ti san gbèsè rẹ̀ tán. Ó lè sùn ní aago 8, ó lè jí ní aago 4, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Òmìnira yìí ni ojúlówó ọjà tí ilé náà ń tà, n kò sì rò pé àṣà wa ti fún un ní iyì tí ó tọ́ sí i.

Ohun tí ó fà á ni pé ọ̀nà orin àti ọtí ni òtẹ́ẹ̀lì gbà wọ ìgbésí ayé wa. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí orin háíláìfù ń jà ràn-ìn, òtẹ́ẹ̀lì ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ti ń ṣeré. Bobby Benson ní Caban Bamboo tirẹ̀ ní Èkó. Roy Chicago àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lù ní Central Hotel ní Yábà. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970, inú Empire Hotel ní Ìdí-Òrò ni Fela Aníkúlápó-Kútì fi ṣe ojúbọ orin rẹ̀ tí ó pè ní Afrika Shrine. Ẹni tí ó bá sọ nígbà náà pé òun ń lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ta ni yóò rò pé oorun ni ó ń lọ sùn? Eré orí ìtàgé àti fíìmù Yorùbá bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí a mọ̀ pé ọkọ kan ń dalẹ̀, tàbí pé ọmọbìnrin kan ti ya ìyàkuyà, iwájú òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sí. Àwòrán náà rọrùn, kò sì gba àlàyé.

Obìnrin oníṣòwò ni ó ń san gbèsè àwòrán yìí. Mo ti dúró rí nídìí káńtà ilé kan, tí n kò ní dárúkọ, nígbà tí obìnrin kan tí ó ti kọjá ọmọ ogójì ọdún gbé báàgì aṣọ ńlá méjì wọlé. Akọ̀wé tí ó wà níbẹ̀ bi í pé ta ni ó ń retí. Ó ní òun kò retí ẹnikẹ́ni, ọjà ni òun wá rà. Akọ̀wé náà tún wò ó láti òkè dé ilẹ̀ kí ó tó gba owó rẹ̀. Wọn kò bi èmi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa ń sọ fún ará ilé pé àwọn sùn, nígbà tí ó jẹ́ pé yàrá tí wọ́n fi owó ara wọn gbà ni wọ́n sùn sí. Irọ́ tí ènìyàn ń pa nítorí oorun tí kò lẹ́bi nínú, àṣà ni ó kọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba ni ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ la àyè ńlá méjì fún àlejò sí ẹ̀bá ọ̀nà yìí. Ọ̀kan ni ìlú Festac, tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí ó wá síbi àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ní oṣù kìíní àti ìkejì ọdún náà. Èkejì ni ọgbà Trade Fair, tí wọ́n ṣí fún àwọn oníṣòwò àgbáyé ní oṣù kọkànlá. Nígbà tí àlejò lọ tán, ará ìlú gba Festac. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti àwọn oníṣòwò tí ó kó kúrò ní Balógun gba ọgbà Trade Fair. Iwájú díẹ̀ ni Alaba International wà ní Ọ̀jọ́, ọjà rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì. Bí a bá sì dé Àgbádárìgì gan-an, ọjà Agbalata wà níbẹ̀, tí Ògù, Yorùbá àti ará ilẹ̀ Benin jọ ń ná. Èrò ọjà láti Kútọnu, láti Lomé, láti òkè Ọya, ojú ọ̀nà kan yìí ni wọ́n ń gbà. Àárín wọn ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké wà, alájà méjì tàbí mẹ́ta, tí fèrèsé wọn kọjú sí títì.

Ẹ jẹ́ kí a ka irú ilé bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Pátákó ni àkọlé rẹ̀. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ilé oníyàrá 12 ni ẹ ó rí tí ó ń jẹ́ ààfin tàbí tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú òkèèrè. Lábẹ́ orúkọ ni wọ́n ti to ìlérí lẹ́sẹẹsẹ: ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n, iná tọ̀sán-tòru. Bí a bá wọ yàrá, gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọn kò kàn ṣiṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lára ògiri, jẹnẹrétọ̀ kò sì lè gbé e. Ẹnu omi ẹ̀rọ wà, inú korobá ni omi wà. Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ni wọ́n lẹ ìwé òfin mọ́, ibẹ̀ sì ni ìtumọ̀ gbogbo ìwé náà wà: ilé kò ní dáhùn fún ohunkóhun tí ó bá sọnù.

Gbólóhùn yìí ni ó ń bí mi nínú ju korobá lọ. Onílé ayé àtijọ́ kì í gbowó ibùsùn, síbẹ̀ ó ń dúró fún ẹrù àlejò. Òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí òfin tiwa ti fa gbòǹgbò, sọ pé ẹni tí ó bá ṣí ilé èrò kò gbọdọ̀ lé èrò tí ó lè sanwó nígbà tí àyè wà, àti pé òun ni yóò dáhùn bí ẹrù èrò bá sọnù lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ọ̀nà ọjà gba orúkọ ọba, ó sì bọ́ iṣẹ́ onílé sílẹ̀. Fún ẹni tí ó kó owó ọjà oṣù mẹ́ta dání, tàbí tí ó ti ra ọjà tán tí ó ń dúró de ọkọ̀ ìdájí, kò sí ìtura tí ó lè dípò ìlẹ̀kùn tí ó tì dáadáa. Òótọ́ ni pé owó púpọ̀ ti ń gba orí fóònù lọ báyìí, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tí ó fi báàgì aṣọ ránṣẹ́ lórí fóònù.

Àwọn onílé wọ̀nyí ní ẹjọ́ tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba fi ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ pa mọ́ ẹrù. Èrò dínkù, yàrá ṣófo. Wọn yóò tún sọ pé àwọn oní ṣọ́ọ̀tì-táìmù, tí ń gba yàrá fún wákàtí kan tàbí méjì, ni ó ń mówó wá kíákíá, kì í ṣe ẹni tí ó sùn mọ́jú. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn mi kò béèrè pé kí wọ́n náwó sí i. Ní 1979, wọ́n ṣí ilé kan ní Osaka ní ilẹ̀ Japan, tí Kisho Kurokawa yàwòrán rẹ̀, níbi tí ibùsùn kọ̀ọ̀kan kò ti fẹ̀ ju ihò tí ènìyàn lè rá wọ̀ lọ. Kò ṣe bí ẹni pé òun jẹ́ ààfin. Ó sọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ó gba iye tí ó tó ìwọ̀n náà, ayé sì gba tirẹ̀. Bí onílé ọ̀nà Àgbádárìgì bá yọ ẹ̀rọ amúlétutù tí kò ṣiṣẹ́ kúrò, tí ó fi fáànù kan àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí kò ya dípò rẹ̀, owó tirẹ̀ ni yóò kù sí i lápò.

Ní 2013, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àṣẹ àtimáa ṣe àmójútó òtẹ́ẹ̀lì wà. Nítorí náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni a lè kọjú ọ̀rọ̀ sí. Kí wọ́n má ṣe ka iye tẹlifíṣọ̀n. Kí wọ́n béèrè bóyá omi wà, bóyá ìlẹ̀kùn ní ìdè tí a lè tì láti inú, bóyá owó yàrá wà lára ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, bóyá ilé ń fún èrò ní ìwé fún ẹrù tí ó bá fi pamọ́ sídìí káńtà. Kí wọ́n sì béèrè bóyá obìnrin tí ó dá wá lè gba kọ́kọ́rọ́ bí ọkùnrin ti ń gbà á.

Èyí tí ó kù, ọwọ́ àwa tí ń kọ̀wé àti àwọn tí ń ṣe fíìmù ni ó wà. Ó tó àkókò kí ẹnìkan fi obìnrin kan hàn wá tí ó wọ òtẹ́ẹ̀lì ní Ọ̀jọ́ nírọ̀lẹ́, tí ó ka ọjà rẹ̀ lórí ibùsùn, tí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ nílé, tí ó ti ìlẹ̀kùn, tí ó sùn, tí ó sì bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ láàárọ̀, tí ohunkóhun kò ṣe é.