Ìdíje Tí Kò Ní Akẹgbẹ́

Bí a bá ń ròyìn ìdíje àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, orúkọ ẹni tí ó gba ife ni a máa ń dá. Ìwé ìròyìn yóò gbé àwòrán àwọn ọmọ tí ó gbé ife sókè jáde, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò dúró láàrin wọn, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń bèèrè iye ilé-ẹ̀kọ́ tí ó fìdí rẹmi lọ́dún tó kọjá tí ó tún padà wá lọ́dún yìí. Bẹ́ẹ̀, ní tèmi, ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n ìdíje. Ọjọ́ tí ẹni tí a borí kò bá rí ìdí kankan tí yóò fi padà wá ni ìdíje kú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Èkó, níbi tí ìtàn irú ìdíje yìí ti hàn kedere. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀ ti ń du Principals' Cup, ife ẹ̀yẹ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ní 1956 ni Fadá Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dá St. Finbarr's College sílẹ̀. Kò sì pẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi di ẹni à ń bẹ̀rù lórí pápá. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi ti jáde, balógun ikọ̀ Nàìjíríà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994. Ibẹ̀ náà ni Henry Nwosu ti jáde, tí ó wà nínú ikọ̀ tí ó gba ife kan náà ní 1980, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. St. Finbarr's borí, ó tún borí, síbẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ yòókù kò yé wá. Kí ló dé? Àwọn tí ó ń borí wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn, tí ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, tí ń jókòó ṣe ìdánwò kan náà. Ẹni tí ó pàdánù lè lọ tẹra mọ́ṣẹ́, kí ó ní ó di àmọ́dún.

Àyálò ni ó ba nǹkan jẹ́: géńdé tí ó ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́, tí a wọ aṣọ akẹ́kọ̀ọ́ fún ní ọjọ́ ìdíje. Ní 1989 FIFA yọ Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì nítorí ọjọ́ orí tí kò bára mu, a sì pàdánù ìdíje ọdún 1991 tí à bá gbà lálejò. Ní 2009, nígbà tí a gba ìdíje àwọn tí kò ju ọmọ ọdún 17 lọ lálejò, tí ẹ̀rọ MRI sì dé láti yẹ ọrùn ọwọ́ wọn wò, àwọn tí a já sílẹ̀ nínú ikọ̀ tiwa kò kéré. Mo gbà pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ lójú àgbáyé. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti ń rú ewé.

Àìsàn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní New Zealand, níbi tí ọmọkùnrin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jogún rọ́gíbì, bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọwọ́ gbé sáré, àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìdíje àgbà ní Auckland pinnu ní òpin 2018 pé àwọn kò ní bá Saint Kentigern College gbá mọ́, nítorí pé ó ń kó àwọn ọmọ tí ó mọ eré náà láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọmọ 15 ni rọ́gíbì ń fẹ́ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ara sì ń lu ara. Bí a bá kó gbogbo àwọn ọmọ tí ó síngbọnlẹ̀ jọ sí ojú kan, ìyá ọmọ tí yóò kojú wọn yóò ní kí ọmọ òun jókòó sílé.

Ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn. Ìlú kọ̀ọ̀kan fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀, iyì ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí lọ, kí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré sì tó rí ọmọkùnrin mọ́kànlá tí ó lè sáré, ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní yóò wà lára wọn. Láti 2005 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Ìlọrin, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dá ṣáṣá ní Ìlọ́fà ti mọ ibi tí ojú òun ń wò. N kò bá a wí. Èyí tí ó wá burú jù ni ọ̀nà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé 2024, àwọn agbébọn pa Olúkòrò ti Kòrò nínú ààfin rẹ̀. Ní oṣù Bélú 2025, wọ́n ya wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Òbí wo ni yóò fọwọ́ sí i kí ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀nà jíjìn, pàápàá bí ó bá mọ̀ pé géńdé ni yóò pàdé níbẹ̀?

Àwọn àgbà ilẹ̀ Èkìtì mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí ju àwa alákọ̀wé lọ. Òsí ni ìlú Aréògún, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó kú ní àwọn ọdún 1950, ẹni tí ó gbẹ́ ère Ẹ̀pà, ère ńlá tí ọ̀dọ́kùnrin ń fi orí rù, tí yóò sì gbé fò gun òkìtì lójú gbogbo ìlú. Bí ó bá fò ó, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó fò ó. Ta ni yóò lọ háyà ọmọ ìlú mìíràn wá gbé Ẹ̀pà ìdílé tirẹ̀?

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣètò ìdíje náà kò ran ẹni tí kò lágbára lọ́wọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ 16 bá wọlé, tí ẹni tí ó bá pàdánù sì ń lọ sílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mẹ́jọ nínú wọn yóò gbá ẹ̀ẹ̀kan péré, ọdún ti parí fún wọn nìyẹn. Bí a bá pín wọn sí mẹ́rin-mẹ́rin, kò sí èyí tí kò ní gbá ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ràn kí Ìlọ́fà, Odò-Ọwá, Òsí àti Aràròmí-Òpin wà pọ̀, kí wọ́n gbá a ní ọ̀sán gangan, kí olúkúlùkù sì ti padà délé kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ tí kò bá tíì lo ọdún méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún un. Ìwé ìpè-orúkọ kíláàsì ni kí a fi ṣe ẹ̀rí. Bí ìlú kan bá sì pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ kan náà ni yóò tún wọ bàtà bọ́ọ̀lù lámọ́dún.