Ẹrù Oúnjẹ Ẹni Tó Ń Lọ sí Abà

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ amọ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, tó wà láàárín Pobè àti Kétu ní Benin, kì í jẹ́ kí alùpùpù rìn. Ẹrẹ̀ á di táyà mú, sẹ́mí-jàn, ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò, á ní òun ò lọ mọ́, ẹni tó ń lọ sí abà á sọ̀ kalẹ̀, á gbẹ́rù karí. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, amọ̀ yẹn kan náà á gbẹ, á sán, omi á wá di ohun tí èèyàn ń wá kiri. Lágbègbè Adja-Ouèrè, ẹni tó mọ oúnjẹ ọ̀nà dì mọ nǹkan méjèèjì yìí kó tó ki ọwọ́ bọ àpò gàrí.

Gàrí kọ́ ni gbogbo gàrí o. Èyí tí wọ́n kánjú sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ṣì ní ọ̀rinrin nínú, kò ní pẹ́ tí yóò fi bu. Ti ọ̀nà gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ wo ìyá kan nídìí agbada. Wọ́n ti rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ti dì í sápò, òkúta ti tẹ̀ ẹ́ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí omi kíkan rẹ̀ fi ro tán, wọ́n ti jọ̀ ọ́. Ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń bù sínú agbada. Àfọ́kù igbá ló fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun náà ló fi ń gbá a lọ gbá a bọ̀ kó má baà dì. Èéfín funfun tó ń ti inú rẹ̀ jáde ló ń ṣọ́. Bí ìyẹn bá ti dá, á fa igi iná sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò ní dúró, torí ìgbà yìí gan-an ni gàrí ń yàn láàárín kó gbẹ àti kó jóná. Etí ló fi ń parí iṣẹ́: gàrí tó gbẹ ń dún ṣẹẹrẹ lára irin, èyí tó tutù kì í dún.

Gàrí fúyẹ́ lérí, bí omi bá kàn án á wú di bí ìlọ́po mẹ́ta. Àmọ́ ibo lomi ọ̀hún wà? Ìdí tí ẹ̀kọ fi ń bá a lọ nìyẹn. Ẹ̀kọ wúwo, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í sì í pẹ́ lọ títí. Síbẹ̀, ẹni tó bá tú u nínú ewé lórí amọ̀ gbígbẹ ti jẹun, ó sì ti mu. Òkè àpò ni wọ́n ń tò ó sí, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ tán, gàrí á kẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ìyá kan ń bi ọmọ rẹ̀ kó tó dì í fún un: “Ibi tí ò ń lọ yìí, ṣé omi wà níbẹ̀?” Èsì ọmọ náà ló fi mọ iye ẹ̀kọ tí yóò kà.

Ìbéèrè kejì ni pé ọjà wo ló kàn. Ọjà ọrọọrún la ń ná ní apá ibí yìí, nítorí náà ẹrù kò ní láti ju ti ọjà tó kàn lọ. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti ibí nìkan. Ní 1955, Emma Gatewood, ìyá ọlọ́mọ mọ́kànlá, ẹni ọdún 67, fẹsẹ̀ rin Appalachian Trail já ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà orí òkè tó lé ní 3,000 kìlómítà. Àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, ó sì ń yà sílùú ra oúnjẹ kún un. Ìyá Adja-Ouèrè èyíkéyìí á mọ ẹrù yẹn dì.

Ẹ̀pà tiwa, kúlíkúlí ni, ti Agonlin ló sì lókìkí jù ní Benin. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń gbé èèyàn ró ju gàrí lọ, torí òróró ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dì í, ọ̀tọ̀ niyọ̀, torí iyọ̀ ń fa omi, bó bá sì dà mọ́ gàrí, gbogbo làálàá ìdí agbada ti ṣòfò. Ata gígún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń fi í síbẹ̀. Èmi kì í gbé e, òùngbẹ rẹ̀ pọ̀ jù.