“Èkó Ni” Kì í Ṣe Ìdáhùn

Ẹ bá ẹnikẹ́ni tó ń gbé Èkó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 5 péré, ìráhùn lẹ máa gbọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọjọ́ta. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí kì í sùn. Kọ̀ńdọ́ tó ní òun ò ní ṣéńjì, tó wá so yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí torí 500 náírà. Lándíọ́ọ̀dù tó ń fowó kún owó ilé lọ́dọọdún, àmọ́ tí ọ̀dà ara ilé ọ̀hún ti wà láti ayé Ọbásanjọ́. Tá a bá ka gbogbo ẹ̀ tán, ẹnì kan á mí kanlẹ̀, á ní, “Èkó ni.” Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn la fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí, torí ó ti kúrò lẹ́nu èrò ọkọ̀, ó ti wọnú ìtàn, orin, àti àwàdà tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa. Níbi tó bá sì ti wọlé, ibẹ̀ ni ìrònú máa ń dúró sí.

Sọ́fútíwíà làwa ń kọ jẹun, nítorí náà a mọ ìráhùn bí ẹní mowó. Oríṣi méjì ló máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ti àkọ́kọ́ ni, “Áàpù yín ò ṣiṣẹ́.” Ó tán. Inú ń bí oníbàárà, a sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tá a ti lè mú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni kejì máa ń sọ ibi tó wà, ohun tó tẹ̀, ohun tó retí, àti ohun tó rí. Irú ìyẹn kì í jẹ́ kí ẹni tó kọ kóòdù ọ̀hún ríbi sá sí. A ò ní kí lítíréṣọ̀ di fọ́ọ̀mù o. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn iṣẹ́ ọnà tó ráhùn nípa Èkó tí wọn ò tíì gbó títí dòní, irú kejì yìí ni wọ́n: wọ́n fọwọ́ lé ibi tó ń dunni gan-an.

Ìráhùn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Èkó. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ìwé ìròyìn Yorùbá pọ̀ nílùú: Èkó Àkéte, Elétí-Ọfẹ, Akéde Èkó. Inú Akéde Èkó ni I. B. Thomas ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde ní 1929. Obìnrin ọ̀hún ti dàgbà, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń rò fún ọlọ́ọ̀tú bóun ṣe lo ayé òun lọ́dọ̀ ọkùnrin. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà náà. Ní 1930 ó kó wọn jọ di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Àwọn òǹkàwé ìgbà yẹn wà tí wọ́n gbà pé èèyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá. Kò yà wá lẹ́nu. Obìnrin yìí ò kàn sọ pé ìlú ti bàjẹ́. Ó dárúkọ àdúgbò, ó dárúkọ orin tó wà lóde nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, débi pé ẹni tó mọ Èkó lè máa tẹ̀ lé e láti òpópónà dé òpópónà.

Àmọ́ ìwé náà ní àbùkù tiẹ̀: orí obìnrin yìí ló di gbogbo ẹ̀bi rù. Ẹgbẹ̀rún ọkọ tí àkọlé ìwé kà sí i lọ́rùn, ṣé àwọn ọkùnrin yẹn ò ní tiwọn nínú ọ̀rọ̀ ni? Ṣe ló dà bí ìgbà tí áàpù bàjẹ́, tí wọ́n wá ní ẹni tó ń lò ó ni ò mọ̀ ọ́n lò. Thomas mọ ibi tó ń dunni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀sùn kàn kọ́ ló fi ẹ̀sùn kàn.

Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kọrin nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lẹ́ẹ̀mejì, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wa jù. “Go Slow” jáde ní 1972. Nínú ẹ̀, ọkọ̀ wà níwájú, ọkọ̀ wà lẹ́yìn, ọkọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì, hẹlikọ́pítà tún wà lókè. Ẹni tó wà láàárín dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Orin náà dùn, ó sì jẹ́ ká mọ bó ṣe ń rí lára. Ibẹ̀ náà ló dúró sí. Ní 1975 ló wá ṣe “Confusion”, orin kan ṣoṣo tó gbà tó ìṣẹ́jú 25. Píánò Fẹlá àti ìlù Tony Allen á kọ́kọ́ máa wá ara wọn kiri, bí ẹni pé wọn ò mọ̀nà, kí orin tó wá gúnlẹ̀. Nígbà tí Fẹlá lanu, Ojúẹlẹ́gba ló mú wa lọ: ọkọ̀ ń bọ̀ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọlọ́pàá ò sì sí láàárín. Ibi tó wà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí ò sí: gbogbo ẹ̀ pé.

Nínú iṣẹ́ tiwa, ohun tí Fẹlá rí yẹn ní orúkọ. Deadlock là ń pè é. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ mẹ́rin ní orítà: ti àkọ́kọ́ ń dúró de èkejì, èkejì ń dúró de ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta ń dúró de ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹrin tún ń dúró de ti àkọ́kọ́. Kò sí wèrè nínú wọn, kò sí ọ̀dájú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè mira. Ẹ bú wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní kúrò. Àfi kí ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní kí ọ̀kan sún sẹ́yìn, tàbí kí òfin ti wà ṣáájú nípa ẹni tó máa kọ́kọ́ kọjá. Ìdí nìyẹn tí “Confusion” fi ju “Go Slow” lọ lójú tiwa. Fẹlá ò sọ níbẹ̀ pé bí Èkó ṣe rí nìyẹn. Ó ní ẹni tó yẹ kó dúró sí orítà ò sí níbẹ̀. Ibi tó mú tún bọ́ sí i, torí ojúbọ Ẹlẹ́gbára ló fún Ojúẹlẹ́gba lórúkọ, Èṣù sì ni òrìṣà orítà. Àwọn àgbà ò fi orítà sílẹ̀ láìní olùtọ́jú.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó pọ̀ lórí fóònù wa. Agbèrò lu ara dánfó gbà gbà gbà, kọ̀ńdọ́ bú èrò, ẹnì kan kígbe pé “Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́!”, a rẹ́rìn-ín, a fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Àwọn òṣèré yìí mọṣẹ́. Bí kọ̀ńdọ́ ṣe ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju kọ̀ńdọ́ lọ. Ìbéèrè ni ò sí níbẹ̀. Owó tí agbèrò gbà yẹn, ta ló tún ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀? Ta ló ní ibùdókọ̀ náà?

Ti ilé gbígbé tún wá burú jù. Ẹjẹ́ńtì á ní kí tọkọtìyàwó mú owó ọdún 2 wá, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti kọ́míṣọ́ọ̀nù. Ọkọ á dákú, àwa á rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 2011 ni ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin pé lándíọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà ló tún yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Nínú gbogbo àwàdà owó ilé tá a ti wò, a ò tíì rí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ òfin yìí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ì bá ṣe yí padà tó bá jẹ́ pé ìyàwó ló rántí ẹ̀ níwájú ẹjẹ́ńtì! Kí ni ẹjẹ́ńtì máa sọ? Ṣé wọ́n á rílé ọ̀hún gbà? Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ó tún yẹ ká béèrè pé ìráhùn ta là ń gbọ́. Ẹni tó ń ráhùn nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nílé tó ń lọ. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò, àìmọye èèyàn ló sì di aláìnílé. Màrókò yìí ni Chris Abani fi Elvis, ọmọkùnrin inú ìwé rẹ̀ GraceLand tó jáde ní 2004, sí. Abani ò fi ibẹ̀ ṣe párádísè. Ẹ̀gbin ń bẹ, ìyà ń bẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ wíwó ilé dé, kàtàpílà ní ẹni tó rán an wá. Irú ìráhùn yìí ṣọ̀wọ́n lórí fóònù wa. Ó ṣòro láti fi ṣe àwàdà, àwọn tó ni ín ò sì pọ̀ láàárín àwa tá a ní dátà.

Àwọn kan á ní ẹ̀rín yẹn náà ló ń gbé wa dúró, pé tá ò bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ríru ló kù. A gbà. Fẹlá pàápàá ń pani lẹ́rìn-ín nínú “Confusion” látòkèdélẹ̀, síbẹ̀ kò gbàgbé ẹni tí ò sí ní orítà. Ẹ̀rín ò ní ká má dárúkọ. “Èkó ni” ló ń ní ká má dárúkọ, torí tó bá jẹ́ pé Èkó ló ṣe é, kò sẹ́ni tó ṣe é nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìtàn àti eré nípa ìlú yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo iṣẹ́ yín tó kàn. Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí “Èkó ni”, ẹ pa á rẹ́, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ṣì dúró. Tí kò bá dúró mọ́, orúkọ ẹnì kan ló yẹ kó wà níbẹ̀, tàbí ti ọ́fíìsì kan, tàbí òfin kan. Ẹ wá a lọ.