Ọdẹ́wálé Níwájú Adájọ́: Ẹ̀bi Wo Gan-an Ni?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ mọ̀ pé n kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi tún gbé eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, yẹ̀ wò. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1968, ó sì di ìwé ní 1971. Ìtàn Ọba Oedipus ti àwọn ará Gíríìsì ni Rótìmí sọ di ti Yorùbá. Àkọlé rẹ̀ ní ká má dá òrìṣà lẹ́bi. Ó dáa. Ta wá ni ká dá lẹ́bi, kí sì ni ẹ̀bi ọ̀hún?

Ẹ jẹ́ ká fi òfin wò ó. Òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà kì í wo ọwọ́ nìkan. Ó máa ń bèèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ni ọwọ́. Abala 24 ní a kò ní í di ọ̀ràn ru ẹni tí ohun tó ṣe kò ti inú ìfẹ́ rẹ̀ wá, tàbí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ jẹ́ èèṣì, àyàfi níbi tí òfin bá ti dìídì mẹ́nu ba àìbìkítà. Abala 25 ní tí ẹnì kan bá fi òótọ́ inú ṣi nǹkan mọ̀, tí àṣìmọ̀ náà sì bọ́gbọ́n mu, bí ẹni pé ohun tó gbà gbọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ la ó ṣe wo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ṣàjèjì sí wa. Bí ìbọn ọdẹ Ṣakí bá ba ènìyàn nínú igbó, ohun tí a ó kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, àbí ó ṣèèṣì?

Ó yá, ẹ pe Ọdẹ́wálé wá. Ó fẹ́ Òjúọlá, ìyá rẹ̀. Èyí ló máa ń mú òǹwòran fọwọ́ lérí, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi rẹ̀ ti kéré jù. Opó ọba ló mọ̀ pé òun fẹ́.

Ti ọba Adétùsà tó pa yàtọ̀. Ìjà oko iṣu ni. Ó mọ̀ pé ènìyàn ni òun gbé ọkọ́ lé. Pé kò mọ̀ pé bàbá òun ni kò gbà á sílẹ̀, nítorí òfin kò bèèrè bàbá ta ni. Bóyá ó fẹ́ pa ẹni náà tàbí ó fẹ́ ṣe é léṣe gidi ló ń bèèrè. Ohun tó kù fún un ni abala 318: bí wọ́n bá mú un bínú lójijì, tó ṣe é kí ara rẹ̀ tó rọlẹ̀, ọ̀ràn náà lè fúyẹ́ ju èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú lọ. Wọ́n fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ bí ti ará oko. Àwa tí a ń sọ Ònkò mọ bí ìyẹn ṣe ń dunni tó. Ṣé ó wá tó ohun tí a ó torí rẹ̀ gbẹ̀mí àgbàlagbà? Ẹ rántí pé láti ẹnu Ọdẹ́wálé la ti gbọ́ ìtàn ìjà yẹn. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Níparí eré, Ọdẹ́wálé gbà pé ìgbónára òun lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ló bá òun jẹ́. Rótìmí ṣe dáadáa níbẹ̀. Ibi tí mo ti bá a jà ni ìbẹ̀rẹ̀. Adétùsà pàṣẹ pé kí wọ́n lọ pa ọmọ jòjòló sínú igbó. Kò sí èèṣì níbẹ̀, kò sí ìbínú òjijì. Nínú gbogbo eré náà, òun ló mọ̀ọ́mọ̀ jù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Bó bá ní Ifá ló sọ ọ́ ńkọ́? Ní 1954, nínú ẹjọ́ Gadam, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò gbà fún ọkùnrin kan tó pa obìnrin tó gbà gbọ́ pé ó fi àjẹ́ mú ìyàwó òun. Wọ́n ní kì í ṣe àṣìmọ̀ tó bọ́gbọ́n mu. Bí eré náà bá fẹ́ ká fi òrìṣà sílẹ̀ lóòótọ́, ó yẹ kó mú wa dé ọ̀dọ̀ ọba tó fi òrìṣà bojú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìtàgé nìkan. Abala 36 òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí wọ́n fi èdè tó yé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣàlàyé ẹ̀sùn fún un, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá ro agbẹ̀ Ìséyìn kan tí igi tó ń gé wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Ògbufọ̀ bi í pé, "Ṣé o jẹ̀bi?" Ó dọ̀bálẹ̀: "Mo jẹ̀bi, ẹ forí jì mí." Ó ń bẹ òbí ọmọ ni. Adájọ́ gbọ́ pé ó gba ọ̀ràn. Nínú èdè wa, ẹ̀bi ni kéèyàn ṣe àṣìṣe, ẹ̀bi ni kó dọ́ràn, ẹ̀bi náà sì ni kó kábàámọ̀. Ògbufọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fọ́ ìbéèrè náà sí wẹ́wẹ́: Ṣé ìwọ lo gé igi náà? Ṣé o rí ọmọ náà? Ṣé o kìlọ̀ kó tó wó? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ báyìí nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú lórí "jẹ̀bi".